Ẹyẹ Òwú Tí Mo Rán Ẹnu Rẹ̀ Pọ̀

Ẹ̀mú ló fi mú ẹyẹ náà wá. Mi ò bù mọ́ ọ̀rọ̀ o. Ẹ̀mú tí a fi ń kó ẹyin iná ni obìnrin náà nà síwájú láti Dowa títí dé ọ̀dọ̀ wa ní Houinmè. Ẹ̀yìn zem, alùpùpù akérò, ló jókòó sí, aṣọ ìjọ rẹ̀ funfun báláú, kò wọ bàtà, ẹyẹ òwú kan tí kò ju àtàǹpàkò àgbàlagbà lọ sì ń mì dìrọ̀dìrọ̀ lẹ́nu ẹ̀mú. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wà lórí zem kejì lẹ́yìn rẹ̀, ó ń nu òógùn. Òórùn lọ́fínńdà ti wọ àgbàlá wa kí àwọn fúnra wọn tó sọ̀ kalẹ̀, torí ó ti da ìgò kan tán sórí ẹyẹ náà kó tó kúrò nílé. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni. Ìyá àgbà ń mu ẹ̀kọ gbígbóná lọ́wọ́, èmi sì ń di okùn bàtà mi kí n lè lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo rí ẹ̀mú, mo rí ẹyẹ, mo rí òwú pupa tó wà lẹ́nu ẹyẹ. Mo sá sẹ́yìn àgbá omi.

Kí ẹ tó mọ ìdí tí ẹyẹ fi gun alùpùpù lẹ́nu ẹ̀mú, ẹ ní láti mọ Ìyá àgbà. Òun ló bí ìyá mi, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni èmi àti ìyá mi ń gbé. Ó lé lọ́gbọ̀n ọdún tó fi kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké níwèé kó tó fẹ̀yìn tì, ṣùgbọ́n ojú tó fi ń wá àṣìṣe nínú ìwé ọmọ ọlọ́mọ kò bá a fẹ̀yìn tì. Bí ó bá wọ ilé yín, kó tó kí yín tán, á ti rí i pé kàlẹ́ńdà ara ògiri yín wọ́, á sì máa tọ́ ọ bí ó ṣe ń béèrè àlàáfíà àwọn ọmọ.

Fótéyì rẹ̀, àga onítìmùtìmù rẹ̀, wà ní pálọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó kọjú síta. Lọ́sàn-án, bí rédíò bá ń ka ìròyìn lédè Faransé, á gbé agolo bisikíìtì rẹ̀ lé itan, á ṣí i, òórùn káńfọ̀ á sì jáde kí òwú tó jáde. Abẹ́rẹ́ kroṣé ló ń lò, èyí tí ẹnu rẹ̀ tẹ̀ bí ìwọ̀ apẹja. Bó bá ti ń fa òwú, abẹ́rẹ́ náà á máa kan òrùka ìgbéyàwó rẹ̀, kín-ín, kín-ín, kín-ín. Ohùn yẹn ni mo fi ń mọ̀ pé ilé dára. Bí ohùn náà bá dákẹ́, a jẹ́ pé ó ń wo ẹnì kan nìyẹn, ẹni náà sì ti ṣe nǹkan.

Ẹyẹ nìkan ló ń hun. Kì í hun fìlà, kì í hun aṣọ ọmọ ọwọ́, ẹyẹ kéékèèké ni, èyí tí èèyàn lè fi kọ́ ògiri, tàbí dígí ọkọ̀, tàbí ọwọ́ ìlẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ràn nìkan ló ń hun ún fún, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ẹni sì ni. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tí Ìyá àgbà bá ń kí fún ọdún mẹ́wàá tí kò fún lẹ́yẹ, kó yáa mọ̀ pé ìkíni lásán ni. Ẹnikẹ́ni ò sì gbọ́dọ̀ bi í pé ta ló ń hun ún fún. Bí o bá bi í, á tú u palẹ̀ lójú rẹ títí á fi padà di òwú, á sì wé òwú náà mọ́ ìka rẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti fi ẹnu mi ba ẹyẹ ẹlẹ́yẹ jẹ́ báyẹn kí n tó gbọ́n.

Inú àwọn ẹyẹ náà, àjákù aṣọ ló ń kì í, èyí tí aránṣọ ìta wa máa ń kó fún un sínú àpò. Bó bá kì í dé ìdajì, á ní kí n lọ bá òun bu omi wá. Kí n tó dé, á ti pa ikùn ẹyẹ dé. Omi yẹn, kì í mu ún. Èmi tí mo máa ń fura sí gbogbo nǹkan, mi ò fura sí omi.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé àléébù ẹni ló ń hun mọ́ ẹyẹ ẹni. Aránṣọ tí mo wí yìí máa ń sùn lórí ẹ̀rọ títí aṣọ ọdún á fi kọjá ọdún. Ẹyẹ tirẹ̀ di ojú méjèèjì pa. Ẹyẹ pásítọ̀ wa ní ìrù tí kò lópin, nítorí ìwàásù rẹ̀. Ó fi kọ́ ògiri bìrò rẹ̀, ìyẹn ọ́fíìsì rẹ̀, ìrù náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanlẹ̀. Ìyá mi kì í lè jókòó jẹun tán, ẹyẹ tirẹ̀ kò nídìí rárá: bí o bá gbé e ka tábìlì, á ṣubú ni. Bí èèyàn bá gba tirẹ̀, á kọ́kọ́ dúpẹ́, á yí i sọ́tùn-ún, á yí i sósì, á wá dákẹ́ díẹ̀. Ìdákẹ́ yẹn ni Ìyá àgbà fẹ́ràn jù. Á wo ojú ẹni náà, á ní, "Ó ti rí i."

Èmi ò tíì ní tèmi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Mo máa ń bẹ̀ ẹ́, á ní, "Àléébù tìrẹ ṣì ń pọ́n bọ̀. Dúró kó pọ́n." Ọ̀rọ̀ náà dùn mí gan-an ni. Mo wá gbà pé bóyá kò fẹ́ràn mi tó.

Ẹni tó bẹ̀rù ẹyẹ jù nínú ilé ni àbúrò ìyá mi, àbíkẹ́yìn Ìyá àgbà, tí a ń pè ní Táńtì. Òun ló ń di irun mi lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, tó ń bu ẹja tirẹ̀ sínú abọ́ mi. Kò jẹ̀bi ìbẹ̀rù rẹ̀. Ọkùnrin tó kọ́kọ́ fẹ́ fẹ́ ẹ, Ìyá àgbà fẹ́ràn rẹ̀, ó sì hun ẹyẹ fún un: ojú ọ̀tún ẹyẹ ń wo ọ̀tún, ojú òsì ń wo òsì. Arákùnrin náà bínú, kò padà wá mọ́. Kò pé oṣù méjì tí a gbọ́ pé ó ní àfẹ́sọ́nà mìíràn ní Sèmè-Kpodji, èyí tí ojú òsì ẹyẹ ti rí ṣáájú wa. Ìyá àgbà ní òun kúkú ti kìlọ̀. Wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran, àmọ́ Táńtì kò ríran rárá lọ́sẹ̀ mẹ́ta yẹn, iyọ̀ ló ń bù sí tíì.

Lẹ́yìn ọdún méjì ni olùkọ́ kan dé, ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń kọ́ni ní ìṣirò, tí gbogbo ilé ń pè ní Mẹ́tìrì. Òun ni mo rí lórí zem kejì lọ́jọ́ ẹ̀mú. Inú Táńtì dùn débi pé ó ń kọrin nínú balùwẹ̀. Ìyá Mẹ́tìrì, ìyá Dowa, ọlọ́jà abọ́ ni, ọmọ ìjọ aláṣọ funfun. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá wò wá, láti ìgbà tí fótéyì ti gbà á jókòó ló ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Ó sọ ti abọ́, ó sọ ti orúnkún rẹ̀, ó sọ ti ajá aládùúgbò rẹ̀ tó ń jẹ ọṣẹ, ó wọ inú ìtàn kan kó tó jáde nínú èkejì. Àkàsà àti ẹja tí Táńtì gbé síwájú Ìyá àgbà tutù síbẹ̀. Èmi tó jókòó sílẹ̀ rí i pé Ìyá àgbà gbàgbé láti jẹun. Bí àlejò ti jáde tán, tààrà ló lọ sídìí agolo bisikíìtì.

Kín-ín, kín-ín, kín-ín. Mo gbọ́ tí Táńtì ń gbàdúrà ní kíṣìnì: "Olúwa, má jẹ́ kí ó hun ún. Bí ó bá sì fẹ́ hun ún, jẹ́ kí òwú tán." Òwú ò tán. Ní ọjọ́ kẹta, nígbà tí Ìyá àgbà lọ síṣọ́ọ̀ṣì, mo ṣí agolo. Ẹyẹ funfun kan ló wà níbẹ̀, ó wuyì, ìyẹ́ apá rẹ̀ gún régé. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ya dé ọrùn. Èèyàn lè ti ẹ̀wà kan bọ inú ẹnu náà kó má fọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́.

Mo rí Táńtì lójú inú mi tó tún ń bu iyọ̀ sí tíì. Mo wá sọ fún ara mi pé èmi ni màá gba ìgbéyàwó yìí là.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àbámẹ́ta, Ìyá àgbà jẹun yó, ó sun oorun ọ̀sán, ìwé orin lórí àyà rẹ̀. Mo yọ ẹyẹ náà. Òwú kan ṣoṣo tí mo ní ni èyí tí Ìyá àgbà rà fún mi fún iṣẹ́ ọwọ́ ilé ẹ̀kọ́, tí a fi ń ya òdòdó sí etí aṣọ tábìlì. Pupa ni. Mo fi abẹ́rẹ́ gún ẹnu ẹyẹ lókè, mo gún un nísàlẹ̀, mo fà á pọ̀, ojú méje ni mo rán. Nígbà tí mo sì rán an tán, mo ta kókó mẹ́ta, nítorí olùkọ́ wa ti ní kókó kan kì í ṣe kókó. Ẹyẹ náà pa ẹnu dé. Ó dà bí ọmọ gidi. Mo wé e sínú bébà aláwọ̀ ewé, mo di ríbọ́ọ̀nù mọ́ ọn. Nígbà tí Ìyá àgbà jí, tó rí i pé mo ti di ẹ̀bùn náà, ó fọwọ́ pa mí lórí, ó ní, "Ọmọ dáadáa." Mo ga sókè díẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, Táńtì gbé ẹ̀bùn náà pẹ̀lú ìkòkò ọbẹ̀ kan lọ sí Dowa. Ó padà dé ní ìrọ̀lẹ́, ó ní wọn ò tíì dé láti ìsìn nígbà tí òun dé ibẹ̀, òun fi í sílẹ̀ lórí tábìlì. Gbogbo wa sùn dáadáa.

Ibi tí a dé nìyẹn kí ẹ̀mú tó wọlé.

"Àna mi, ẹ káàárọ̀ o," ni Ìyá àgbà wí, ó sì gbé ife ẹ̀kọ rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jókòó, ẹ bá wa mu ẹ̀kọ."

Ìyá Dowa ò jókòó. Ó la ẹnu, ohun tó jáde dà bí ìlẹ̀kùn tí wọn ò fi epo sí. Ohùn rẹ̀ ti há pátápátá. Obìnrin tó lè sọ ọ̀rọ̀ ajá kan fún wákàtí kan, ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀ jù ni ohùn sá lọ. Ó na ìka sí ọ̀fun rẹ̀, ó na án sí ẹnu ẹyẹ, ó na án sókè ọ̀run.

Mẹ́tìrì wo ilẹ̀. Ó ní, "Màmá ní ẹ káàárọ̀."

Ìyá rẹ̀ fi ìgúnpá gún un. Ó fi ìka fa ìlà kọjá ètè rẹ̀, ó fi ìka mẹ́ta hàn wá, ó tọ́ka sí òwú pupa, ó tọ́ka sí aṣọ funfun rẹ̀, ó mi orí.

"Màmá ní àwọn dúpẹ́ fún kádò, ẹ̀bùn tí ẹ fi ránṣẹ́."

Ẹ̀mú ló fi kàn án léjìká. Ẹyẹ náà já bọ́ sí ẹsẹ̀ Ìyá àgbà, Mẹ́tìrì sì ní láti sọ òtítọ́. "Pàdọ́ọ̀nù, ẹ má bínú, Ìyá. Alẹ́ àná la tú kádò yín. Wọ́n fi òwú pupa rán ẹnu ẹyẹ yìí pọ̀, wọ́n sì ta kókó mẹ́ta sí i. Nínú ìjọ Màmá, wọn kì í lo pupa. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ohùn Màmá ti lọ. Wọ́n ní ẹ ti di àwọn lẹ́nu. Mo sọ fún wọn pé láti aago mẹ́sàn-án títí di aago mẹ́ta ni wọ́n fi kọrin lánàá, àmọ́..." Ìyá rẹ̀ wò ó, kò parí rẹ̀.

Táńtì ti jáde láti kíṣìnì, ṣíbí wà lọ́wọ́ rẹ̀, omijé ti dé ojú rẹ̀ kó tó gbọ́ tán. "Mo mọ̀! Mo mọ̀ pé ẹyẹ yìí á lé ìkejì náà lọ!"

Ìyá Dowa kó gbogbo ohùn tó kù fún un jọ, ó fi sọ gbólóhùn kan ṣoṣo: "Kò sí ìgbéyàwó."

Mo ń yọjú láti ẹ̀yìn àgbá omi. Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀, ó mú ẹyẹ náà nílẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, ó gbé e sún mọ́ ojú. Ó wo òwú náà. Òun ló rà á. Ó gbójú sókè, tààrà ló wo àgbá omi. Mo rò pé ayé mi ti parí. Ṣùgbọ́n ó tún yíjú sí àlejò rẹ̀.

"Ọwọ́ tó rán ẹnu ẹyẹ yìí, inú ilé mi ló ti wá," ni ó wí. "Nítorí náà ọwọ́ mi ni. Mo ṣe àṣìṣe. Ẹ má bínú."

Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò gbọ́ kí Ìyá àgbà sọ pé òun ṣe àṣìṣe rí. Àní ìyá mi tó ń wá bàtà rẹ̀ kiri ilé dúró gbagidi.

Ìyá àgbà mú sísọ́ọ̀sì, ó já òwú pupa náà, kò sì sọ ọ́ nù, ó wé e mọ́ ìka. Ó ní, "Ẹ wá wò ó, kẹ́ ẹ lè rí i pé kò sí oògùn nínú rẹ̀." Ó tú ikùn ẹyẹ. Àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé jáde, ti aláwọ̀ aró jáde. Lẹ́yìn náà ni kiní kékeré kan jáde, àwọ̀ eérú, ó ti gbó, kò jọ aṣọ aránṣọ.

Ìyá Dowa fò sẹ́yìn. "Kí nìyẹn?" ló fi ohùn kíkẹ̀ béèrè.

"Ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi ni."

"Ọkọ yín... èyí tó kú?"

"Mi ò ní òmíràn," ni Ìyá àgbà dáhùn.

Ìyá Dowa tún gbá ẹ̀mú rẹ̀ mú. Mẹ́tìrì fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Èmi fúnra mi, tí mo mọ ìdí ọ̀rọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù Ìyá àgbà.

Àmọ́ ó jókòó, ó tẹ́ aṣọ àwọ̀ eérú náà sórí orúnkún rẹ̀, ó ń fi àtàǹpàkò tọ́ etí rẹ̀. "Nígbà tó kú, àwọn ẹbí wá, wọ́n kó ẹrù rẹ̀ pín bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n kó agbádá, wọ́n kó bàtà, wọ́n kó fìlà. Ìbọ̀sẹ̀ yìí ló kù lábẹ́ ibùsùn. Ẹyọ kan ni, ó sì ti lu, kò sẹ́ni tó fẹ́ ẹ. Mo fọ̀ ọ́. Ẹyẹ tí mo bá hun, mo ń gé díẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹni tí mi ò fẹ́ràn, ṣé mo lè gé ìbọ̀sẹ̀ ọkọ mi fún un? Ibi orí ìka ẹsẹ̀ nìkan ló kù báyìí."

A ò mọ̀, kódà àwọn ọmọ tó bí ò mọ̀. Táńtì fi ṣíbí nu ojú. Ìgbà yẹn ni omi tí mo ń bù fún un láti ọjọ́ yìí wá yé mi, ìgbà yẹn náà ni ẹkún gbé mi jáde lẹ́yìn àgbá.

"Èmi ni! Èmi ni mo rán an! Ẹnu rẹ̀ ló ya jù, mo ní kí ìyá Dowa má baà bínú!"

Ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bó ṣe kúrò lẹ́nu mi ni mo mọ̀ pé ohun tí mo fi òwú pupa rán pamọ́, mo ti fi ẹnu ara mi tú u. Ìyá Dowa wò mí. Ó wo ẹyẹ tí ẹnu rẹ̀ tún ti la sílẹ̀ fẹ̀ẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ fi ya?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká máa lọ," ni Mẹ́tìrì wí.

"Ṣé ẹnu mi nìyí?"

Ẹ̀yin tí ẹ bá ti gbé pẹ̀lú àgbà tí kì í purọ́, ẹ mọ̀ bí ó ti rí lára. Mo gbàdúrà pé kó parọ́ kékeré kan péré.

"Ẹnu yín ni," ni Ìyá àgbà wí. "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ jù. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti kú, rédíò ló ń bá mi sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ mi. Ọjọ́ tí ẹ wá, mo gbàgbé oúnjẹ. Mi ò gbọ́ dídún aago. Nígbà tí ẹ lọ, ilé dákẹ́, ó sì dùn mí. Ìyẹn ni mo ṣe ya ẹnu rẹ̀ gan-an, kó má baà pa á dé."

Èjìká ìyá Dowa kọ́kọ́ mì. A ò mọ̀ bóyá ẹkún ni tàbí ẹ̀rín, torí kò sóhùn nínú rẹ̀. Ó jókòó sórí àga kan, ẹ̀mú bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú ariwo, ó ń gbọ̀n, ó ń lu orúnkún, omijé ń dà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni nǹkan kan já lọ́fun rẹ̀, ohùn sì jáde, ó há, ó fọ́, ṣùgbọ́n ohùn ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya á! Ẹ ya á dáadáa! Ọkọ mi tó kú náà sọ bẹ́ẹ̀!" Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tí ọkọ rẹ̀ sọ.

Ó sọ̀rọ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí. Ìyá àgbà dá àjákù aṣọ padà sínú ẹyẹ lójú rẹ̀, ó dá ìbọ̀sẹ̀ padà, ó pa ikùn dé, kín-ín, kín-ín, kín-ín, ẹ̀kọ rẹ̀ sì tutù pátápátá. Kí ìyá Dowa tó lọ, ó tún wọ́n lọ́fínńdà díẹ̀ sórí ẹyẹ náà, ó ní kò sí ohun tó burú nínú kí èèyàn ṣọ́ra. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi mú un lọ, ó gbàgbé ẹ̀mú sílé wa. Ní ti èmi, mo dé ilé ẹ̀kọ́ nígbà tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ jáde, mo mú ìwé àwáwí tí Ìyá àgbà kọ sí olùkọ́ mi lọ́wọ́. Gbólóhùn kan ló wà nínú rẹ̀, pé mo pẹ́ nítorí ẹyẹ.

Mo retí pàṣán. Kò nà mí. Àgbà tí kò bínú lọmọ rẹ̀ ń pọ̀, àmọ́ òun bínú díẹ̀: ó fi abẹ́rẹ́ kroṣé kejì lé mi lọ́wọ́, ó ní ọwọ́ tó bá mọ̀ ọ́n rán gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n hun. Gbogbo ọ̀sán ọdún yẹn, nígbà tí àwọn ọmọ ìta ń ṣeré, èmi ń hun, òun ń tú u, ó ń ní, "Tún un ṣe."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ìgbéyàwó Táńtì, mo bá bébà kékeré kan nínú àpò ìwé mi. Ẹyẹ aláwọ̀ ọ̀sàn ló wà nínú rẹ̀. Ọrùn rẹ̀ gùn débi pé mo lè wé e mọ́ ìka mi lẹ́ẹ̀mejì, orí kékeré sì wà lókè ọrùn náà, ó ń yọjú bí ẹni tó ń wo inú ìkòkò ọlọ́kòkò. Mo dúpẹ́. Mo yí i sọ́tùn-ún, mo yí i sósì. Mo dákẹ́ díẹ̀.

"Ó ti rí i," ni Ìyá àgbà wí.

Mo sunkún nítorí inú mi dùn. Mo fi àtàǹpàkò tẹ ikùn rẹ̀, mo mọ ohun tó wà níbẹ̀, àti pé òun ló gbẹ̀yìn.

Ẹyẹ yẹn wà lára kọ́kọ́rọ́ mi dòní. Mò ń ṣiṣẹ́ ní bìrò kan ní Kútọnu, lójoojúmọ́ ni mo ń gbé e kọjá afárá. Ikùn rẹ̀ ti wọ́, àwọ̀ eérú ti ń yọjú níbì kan. Wọ́n ní kí n rán an. Mi ò rán an. Mo ti kọ́gbọ́n lórí ká máa rán ẹyẹ.

Nígbà tí Ìyá àgbà darúgbó gan-an, ojú rẹ̀ lọ. Ojú tó ń rí kàlẹ́ńdà tó wọ́ láti ẹnu ọ̀nà kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ọjọ́ kan ni mo lọ kí i, ó ní, "Gbé agolo yẹn. Hun tèmi."

"Ẹ̀yin kẹ̀, Ìyá?"

"Gbogbo ayé ló ní, èmi ò ní. Fi àléébù mi sí i. Má tàn mí o."

Mo jókòó síbi fèrèsé, mo hun ún. Ojú ni mo hun fún un, méjì, wọ́n tóbi, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo orí ẹyẹ, débi pé mi ò ráyè ṣe ẹnu tó dára. Nígbà tí mo ń wá ohun tí màá kì sínú rẹ̀, mo tú ìsàlẹ̀ agolo. Lábẹ́ káńfọ̀, mo rí igi ìṣáná kan tí wọ́n wé òwú mọ́. Òwú pupa. Kókó mẹ́ta ṣì wà lórí rẹ̀. Gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ló fi tọ́jú rẹ̀. Mo rán ọmọ mi tó bá mi wá pé kó lọ bu omi wá, kó tó dé, mo ti ti òwú náà bọ inú ẹyẹ, mo ti pa ikùn dé. Kò sẹ́ni tó mu omi náà.

Mo gbé ẹyẹ lé e lọ́wọ́. Ó fi ìka wá orí rẹ̀, ó fọwọ́ kan ojú kan, ó fọwọ́ kan èkejì, ó tún padà sí ti àkọ́kọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀.

"Mo ti rí i," ni ó wí.

Lẹ́yìn náà ó tẹ ikùn ẹyẹ. "Kí lo kì sínú rẹ̀?"

"Ẹni tó bá bi mí, màá tú u palẹ̀ ni o."

Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi ń wúkọ́. Kò sì béèrè mọ́. Ó ní bí òun bá lọ, a ò gbọ́dọ̀ sin ín mọ́ òun, kí n fi í kọ́ ẹnu ọ̀nà mi, òun ṣì ní àwọn nǹkan tí òun fẹ́ máa wò.

Ó ti lọ báyìí. Lọ́jọ́ ìsìnkú rẹ̀, ìyá Dowa dìde láti sọ ọ̀rọ̀ ṣókí, ẹyẹ funfun náà wà lára aṣọ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ ya; ó sọ̀rọ̀ títí pásítọ̀ onírù gígùn fúnra rẹ̀ fi wo aago. Kò sẹ́ni tó dá a dúró. Ọkàn mi ń wá Ìyá àgbà lójoojúmọ́, mo tiẹ̀ ń fi kàlẹ́ńdà mi sílẹ̀ kó wọ́ díẹ̀. Ẹyẹ rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà mi bí ó ṣe wí. Lánàá, mo gbọ́ ariwo láti ilé kejì, ọkọ àti ìyàwó ibẹ̀ ń jà lórí ọ̀rọ̀ tí kò kàn mí rárá. Mo dìde, mo dé ẹnu ọ̀nà, ẹyẹ náà fi ojú ńlá méjèèjì wò mí. Mo dúró. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má bínú. Lẹ́yìn náà ni mo mú kọ́kọ́rọ́ mi àti ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó wà lára rẹ̀, mo jáde lọ bá wọn.